Ihò Ara Ògiri: Bí A Ṣe Ń Ka Ilé Oko Àtijọ́ ní Skọ́tláńdì

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ìwọ̀-oòrùn Skọ́tláńdì, tí mo tún kọ sílẹ̀ fún kíkà.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa Culzean, nítorí pé ibẹ̀ ni a fẹ́ kó ara wa lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn: ààfin orí àpáta létí òkun, èyí tí àwòrán rẹ̀ ti wà rí lẹ́yìn owó pépà pọ́n-ùn márùn-ún ti Royal Bank of Scotland. Ẹ óò rí ààfin náà. Ẹ óò ya fọ́tò. Ẹni tó bá ń mú yín kiri yóò sì sọ fún yín nípa yàrá òkè pátápátá tí wọ́n fi dá Ọ̀gágun Eisenhower lọ́lá lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Gbogbo ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo bá wá. Ibi tí mo fẹ́ mú yín lọ lónìí ni ilé tí ẹ óò ti ra tíì.

Ilé oko ni ilé tíì yẹn tẹ́lẹ̀. Home Farm ni wọ́n ń pè é. Orúkọ tí àwọn ará Skọ́tláńdì ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ lápapọ̀ ni steading, ìyẹn ọ̀wọ́ ilé tó yí àgbàlá kan ká, tí ọkà, ẹṣin, màlúù, kẹ̀kẹ́ ẹrù àti òṣìṣẹ́ oko jọ ń gbé nínú rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1760 lọ títí di bí 1870, àwọn onílẹ̀ ńláńlá kọ́ irú wọn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, tó fi jẹ́ pé kò sí ọ̀nà oko tí ẹ máa gbà tí ẹ kò ní rí ọ̀kan.

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo fi ń jẹun. Tí mo bá dé iwájú ilé àtijọ́, ihò ara ògiri rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Òkúta á sọ ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, òrùlé á sọ bí òjò ṣe ń rọ̀ ládùúgbò, ṣùgbọ́n ihò ló ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ilé. Kí ló ń wọlé? Kí ló ń jáde? Atẹ́gùn wo ni wọ́n ń fẹ́, èwo ni wọ́n ń sá fún? Ta ló ń sùn níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ihò máa ṣamọ̀nà wa.

Kí irú ilé yìí tó dé, abúlé kéékèèké tí wọ́n ń pè ní fermtoun ni àwọn àgbẹ̀ ń gbé. Ilé wọn gùn, ó sì rẹlẹ̀. Òkúta àti amọ̀ ni ògiri, níbòmíràn wọ́n á gé ilẹ̀ tó hu koríko, wọ́n á tò ó bíi búlọ́ọ̀kù. Koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Èèyàn wà lápá kan, màlúù wà lápá kejì, ẹnu-ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì sábà ń gbà wọlé. Ihò kò pọ̀ lára irú ilé bẹ́ẹ̀. Gíláàsì wọ́n, ìjì kì í ṣàánú, ooru ara màlúù sì wúlò lálẹ́. Ilẹ̀ tí wọ́n ń ro wà ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ti lágbájá wọ àárín ti làkásègbè. Òfin tí ilé aṣòfin Skọ́tláńdì ṣe ní 1695 ló fún àwọn onílẹ̀ láyè láti kó ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sójú kan. Nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún fi máa dé ìdajì, wọ́n ti ń mọ ògiri òkúta yí oko ká, wọ́n ń da ẹfun sí ilẹ̀ tó kan, wọ́n ń gbin tọ́nípù tí màlúù á máa jẹ nígbà òtútù. Àgbẹ̀ kan á gba oko ńlá, ọdún 19 ni wọ́n sábà ń kọ sínú ìwé, á sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lówó. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ àná á di alágbàṣe rẹ̀, àwọn mìíràn á gba ìlú ńlá lọ, àwọn mìíràn á wọkọ̀ ojú omi. Ilé oko onígun mẹ́rin tí ẹ̀ ń rí yìí, orí ilẹ̀ tí abúlé ti tú ni púpọ̀ nínú wọn dúró lé.

Culzean wà ní etíkun Ayrshire. Ẹ má pe z tó wà láàárín orúkọ náà o. Kọléènì ni wọ́n ń pè é. Ìdílé Kennedy ló ni ín nígbà náà. Thomas Kennedy, Earl kẹsàn-án ti Cassillis, fẹ́ràn àtúnṣe oko dáadáa, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ilẹ̀ náà. Nígbà tó kú ní 1775, àbúrò rẹ̀ David jogún oyè. Amòfin ni David, ó sì ti ṣojú Ayrshire rí ní ilé aṣòfin ní London. Òun ló pe Robert Adam.

Nígbà yẹn, kò sí ayàwòrán ilé tó lókìkí ju Adam lọ ní gbogbo Britain. Wọ́n bí i ní Kirkcaldy ní 1728, ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó lọ sí Róòmù, ó lọ wọn ahoro ààfin Diocletian, ọba Róòmù àtijọ́, ní Split. Ó wá padà sí London, ó ń ṣe yàrá àwọn olówó lọ́ṣọ̀ọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni David Kennedy ní kó wá ya ilé màlúù. Wọ́n kọ́ ilé oko náà ní nǹkan bí 1777, ọdún tí iṣẹ́ ńlá lórí ààfin fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ti ààfin kò sì parí títí tó fi di 1792. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Oko ni yóò bọ́ àwọn tó ń kọ́ ààfin.

Ẹ wo bó ṣe tò ó. Ilé mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan rí bíi lẹ́tà T, wọ́n yí àgbàlá ká. Àwọn igun tó yẹ kí ilé ti pàdé ilé, ó fi wọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnu-ọ̀nà tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Igun ni ibi tó máa ń dà láàmú jù nínú àgbàlá onígun mẹ́rin: ó ṣókùnkùn, omi òrùlé méjì ń dà sí i, kẹ̀kẹ́ kò lè yí níbẹ̀. Adam ṣí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, ó sọ wọ́n di ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ tó gbé koríko dé láti oko á gba igun tó sún mọ́ ọn wọlé, á gba òmíràn jáde, kò ní í kọlu ẹlòmíràn. Bí iná bá sì ran ilé kan, àlàfo wà láàárín òun àti èkejì.

Mo fẹ́ kúrò ní Culzean díẹ̀ báyìí, kí n fi ihò tó wọ́pọ̀ lára ilé oko hàn yín, torí ẹ kò ní í mọ èyí tó jẹ́ irọ́ bí ẹ kò bá tíì mọ òtítọ́.

Ilé ìpakà ni olórí. Lára ògiri gígùn rẹ̀ méjèèjì, ẹ óò rí ẹnu-ọ̀nà méjì tó kojú ara wọn gan-an. Ilẹ̀ ìpakà wà láàárín wọn. Láti ìgbà ìkórè títí òtútù fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ọkùnrin á máa fi igi onísopọ̀ lu óòtì àti bálì níbẹ̀ lójoojúmọ́. Tó bá di fífẹ́, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì; atẹ́gùn á gba ọ̀kan wọlé, á gba èkejì jáde, á gbé ìyàngbò dání lọ. Ẹni tó kọ́ irú ilé yẹn ti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá kó tó ta okùn ìpìlẹ̀.

Ihò tóóró tún wà. Láti ìta, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ yín nìkan ló máa kọjá nínú rẹ̀. Tí ẹ bá wọ inú ilé, ẹ óò rí i pé ó fẹ̀ gbàràgàdà. Ọ̀pọ̀ àlejò ló máa ń pè é ní ihò ìbọn, àwọn tó ń mú wọn kiri náà a sì máa gbà fún wọn nítorí pé ìtàn ogun dùn. Ọkà ló wà fún. Ọkà tí wọ́n kó jọ láìgbẹ dénú máa ń gbóná, á sì bu. Bí ihò náà ṣe fún níta kò jẹ́ kí òjò wọlé, bó ṣe fẹ̀ nínú ń tan atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ ká.

Lókè téńté, lábẹ́ ṣóńṣó òrùlé, ẹ lè rí ihò kékeré kan. Ti òwìwí nìyẹn. Eku ń jẹ ọkà, òwìwí ń jẹ eku, nítorí náà àgbẹ̀ á ní kí bíríkìlà dá ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Mo ti rí ojú ẹ̀yin ìyá tó jókòó níwájú yìí, ẹ má tíì pa mí. Mo mọ̀ pé kò sí ẹnì kan nílé wa tó máa fi owó ara rẹ̀ ṣe ilẹ̀kùn fún òwìwí.

Ẹnu-ọ̀nà gbàǹgbà tí kò ní ilẹ̀kùn, mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ibi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ ẹrù sí ni. Ẹ kà wọ́n. Kẹ̀kẹ́ ń sọ iye ẹṣin, ẹṣin ń sọ bí ilẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Orí wọn ni àká wà, afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá sì ń mú kí pákó ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Fèrèsé àká kúrú, igi pẹlẹbẹ ni wọ́n sábà ń fi sí i dípò gíláàsì. Àtẹ̀gùn òkúta máa ń wà níta tí wọ́n ń gbà gun ibẹ̀, ajá a sì máa sùn lábẹ́ àtẹ̀gùn.

Ilé ẹṣin ga ju ilé màlúù lọ, fèrèsé rẹ̀ náà sì dára jù. Ẹṣin ni ẹ̀rọ oko. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Small ṣe ohun ìtúlẹ̀ titun ní Berwickshire ní àwọn ọdún 1760. Kó tó dé, ọ̀wọ́ akọ màlúù gígùn ló ń fa ti àtijọ́, pẹ̀lú ọkùnrin bíi mélòó kan tó ń tẹ̀ lé e. Ti Small, ẹṣin méjì àti ọkùnrin kan ti tó. Báyìí ni ẹṣin ṣe wọlé oko pẹ̀lú iyì, tó sì gba yàrá tó dára.

Àárín àgbàlá ńkọ́? Ààtàn ni. Ẹ má yínmú. Koríko gbígbẹ láti ilé ìpakà ni wọ́n ń tẹ́ fún màlúù, màlúù á yàgbẹ́ sí i, á di ajílẹ̀, ajílẹ̀ á padà sí oko tọ́nípù, tọ́nípù á padà sẹ́nu màlúù. Gbogbo ilé tó yí àgbàlá ká, ìyípo yẹn ni wọ́n ń sìn. Ìdí nìyẹn tí ilé ìpakà fi sábà ń wà ní àríwá, kó dènà afẹ́fẹ́ tútù, kí àgbàlá sì ṣí sí gúúsù, kí oòrùn lè bá ẹran níbẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùlé bo àgbàlá náà, torí òjò ń fọ ọ̀rá ajílẹ̀ lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Culzean. Lára ilé oko Adam, ẹ óò rí ihò kan tó rí bí àgbélébùú. Ihò ìtafà ni, irú èyí tí àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ ń gbà ta ọfà láti inú odi. Ẹ óò rí orí ògiri tó gé eyín-eyín bí odi ìlú, àti òkè ògiri tó ṣe àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn. Ní 1777! Ta ló fẹ́ wá gbógun ti màlúù?

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wù mí ni pé Adam mọ odi ogun dáadáa. Lẹ́yìn ogun Jacobite ti 1745, nígbà tí àwọn tó fẹ́ dá ìdílé ọba Stuart padà sórí oyè dìde sí ìjọba, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi Fort George lẹ́gbẹ̀ẹ́ Inverness, ìdílé Adam ló sì gba iṣẹ́ náà. Robert wà níbẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó ti rí ohun tí ìbọn ńlá ń ṣe sí ògiri. Ó mọ̀ pé odi tòótọ́ ti ayé rẹ̀ rẹlẹ̀, ó nípọn, ó sì ń fi ilẹ̀ bo ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ta ọfà mọ́. Nítorí náà, nígbà tó gbẹ́ ihò ìtafà sára ilé ẹran, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Èrò tèmi nìyí. Ẹ̀ka ìdílé Kennedy tó wà ní Culzean kì í ṣe ẹ̀ka àgbà. Ẹ̀yìn tí Earl kẹjọ kú ní 1759 láìní ọmọ ni oyè tó kàn wọ́n, ẹlòmíràn sì tún bá wọn du ú, tó fi jẹ́ pé ọdún 1762 ni ilé aṣòfin àwọn ọlọ́lá tó fọwọ́ sí i pé tiwọn ni. Ẹni tí oyè rẹ̀ ti rí ilé ẹjọ́ rí, kò lè jókòó kí ilé rẹ̀ máa dà bí ilé àná. Ó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń gba ọ̀nà oko bọ̀ rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ti wà níbẹ̀. Adam tiẹ̀ kọ́ afárá kan sí ọ̀nà ààfin náà, ó fi ẹnu-ọ̀nà tó ti di ahoro sí ìdí rẹ̀; titun ni ahoro náà, òun ló yà á bẹ́ẹ̀. Owó tó bá irú nǹkan wọ̀nyí lọ kò kéré. Nígbà tí Earl David máa fi kú ní 1792, ọdún kan náà tí Adam kú, gbèsè ló fi sílẹ̀.

Síbẹ̀, èmi kò lè bá àwọn tó ń fi ihò yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ́rìn-ín tán. Ihò ìtafà, tóóró níta, fífẹ̀ nínú: ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ lónìí. Ìrísí kan náà ni pẹ̀lú ihò tí ọkà ń fi mí. Adam kàn fi ìlà kan dábùú rẹ̀ ni, ilé oko sì di odi.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣeré báyìí. Ní Penicuik, lẹ́yìn Edinburgh, Sir James Clerk kọ́ ilé ẹṣin ní àwọn ọdún 1760, ó sì gbé ilé ẹyẹlé kan lé e tó rí róbótó, olórí bí òkòtó. Ilé yẹn ní ìtàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Falkirk, ilé àwọn ará Róòmù kan ti dúró fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan. Arthur's O'on ni wọ́n ń pè é. Ní 1743, ẹni tó ni ilẹ̀ náà wó o palẹ̀, ó sì fi òkúta rẹ̀ tún ìsédò ọlọ rẹ̀ ṣe. Inú ìdílé Clerk bàjẹ́ gan-an. Wọ́n bá kọ́ irú rẹ̀ gan-an sórí ilé ẹṣin, wọ́n sì fi ẹyẹlé kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí tẹ́ńpìlì Róòmù yẹn ṣe rí, ẹ lọ wo ilé ẹyẹlé.

Ẹyẹlé fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Skọ́tláńdì. Ẹran tútù ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Ọmọ ẹyẹlé wà nítòsí. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹyẹlé kì í béèrè oko ẹni tó ń jẹ nínú rẹ̀. Onílẹ̀ ló ni ẹyẹ, ọkà àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un ni ẹyẹ ń jẹ, onílẹ̀ á wá jẹ ẹyẹ. Ó le débi pé òfin 1617 fi ààlà sí ẹni tó lè kọ́ ilé ẹyẹlé: àfi ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n máìlì méjì sí ibẹ̀ ń mú ọkà tó pọ̀ tó wá lọ́dọọdún. Ihò tó pọ̀ jù lọ tí mo mọ̀ nínú ilé ẹyẹlé kan ní orílẹ̀-èdè yìí ni ti Finavon ní Angus: 2,400 ihò ìtẹ́, gbogbo rẹ̀ nínú ilé kan. Ẹ wo ara ògiri ilé ẹyẹlé níta, ẹ óò rí òkúta pẹlẹbẹ tó yọ síta yí i ká; kí eku má bàa gùn ún ni.

Ibì kan wà tí ihò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo ògiri tán. Maam ni, ní àfonífojì Glen Shira lẹ́yìn Inveraray ní Argyll. Òjò ibẹ̀ kì í dá. Ní ìparí àwọn ọdún 1780, Robert Mylne ya ilé oko kan fún Duke karùn-ún ti Argyll, ó ní kó jẹ́ òbìrí. Ìdajì òbìrí ni wọ́n kọ́ délẹ̀. Ilé tó wà láàárín rẹ̀, apá òkè rẹ̀ kún fún ojú fèrèsé ńláńlá olórí ṣóńṣó, bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n fi igi pẹlẹbẹ dí lọ́nà tí atẹ́gùn á fi máa wọlé tí òjò kò ní wọlé. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ń sá ọkà àti koríko tó tutù láti oko. Tí ẹ bá bi mí léèrè, Maam ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, ju Culzean pàápàá lọ, nítorí pé ẹwà rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ohun kan náà.

Ẹ̀rọ ló wá dà gbogbo ètò yìí rú. Ní 1786, Andrew Meikle, ọ̀gá àwọn tó ń ṣe ọlọ ní East Lothian, ṣe ẹ̀rọ ìpakà tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò pẹ́ rárá tí ògiri fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdí. Lẹ́yìn ilé ìpakà, wọ́n kọ́ ilé róbótó kan tàbí onígun mẹ́jọ mọ́ ọn, tí ìhà rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Inú rẹ̀ ni ẹṣin ń yí po, yí po, láti yí ẹ̀rọ. Ìhà tó ṣí yẹn, torí ẹṣin ni: ó ń làágùn, ó ń fẹ́ atẹ́gùn. Ẹnu-ọ̀nà méjì tó kojú ara wọn kò níṣẹ́ mọ́, nítorí ẹ̀rọ ń fẹ́ ọkà fúnra rẹ̀. Ibi púpọ̀ ni ẹ óò ti rí i pé wọ́n fi òkúta dí ọ̀kan. Tí ẹ bá ti rí àmì ẹnu-ọ̀nà tí wọ́n dí bẹ́ẹ̀, ẹ ti rí ọdún Meikle. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ dé, ó mú ṣímínì gíga oníbíríkì pupa wá sí oko East Lothian. Púpọ̀ nínú wọn ṣì dúró láàárín oko, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ilé iṣẹ́ aṣọ ló wà níbẹ̀.

Ihò kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ máa wá: ihò èéfín. Bí ẹ bá rí i lórí ilé ẹṣin, tàbí fèrèsé kékeré kan ṣoṣo lójú òkè rẹ̀, ẹ mọ̀ pé èèyàn ló ń sùn níbẹ̀. Ẹṣin kì í dáná. Ní Angus, Fife àti Perthshire, àwọn àpọ́n tó ń ṣiṣẹ́ oko ń gbé pọ̀ nínú yàrá tí wọ́n ń pè ní bothy, wọ́n ń fi ìyẹ̀fun óòtì àti wàrà gbéra. Ní ìhà Lothian, àwọn tó ti gbéyàwó ni onílẹ̀ fẹ́, ó ń kọ́ ilé kékeré sí ìlà kan fún wọn. Àdéhùn wọn sì ni pé kí ọkùnrin mú obìnrin kan dání tí yóò máa ṣiṣẹ́ oko pẹ̀lú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ni o, ọmọ rẹ̀ ni o, ẹni tó gbà síṣẹ́ ni o. Ẹ fi fèrèsé àwọn ilé yẹn wé ti ilé ẹṣin. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ níbi tó lé ní ọ̀kan, ẹṣin ló sábà ń rọ́wọ́ mú.

Ẹnì kan wà ní Culzean tí a kò gbọ́dọ̀ fò dá. Scipio Kennedy lorúkọ tí wọ́n fún un. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n jí i gbé ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ìwé wọn ń pè ní Guinea. Ọ̀gákọ̀ kan, Andrew Douglas, mú un wá sí Skọ́tláńdì ní 1702; nígbà tí ọmọ ọ̀gákọ̀ náà, Jean, fẹ́ John Kennedy, Scipio bá a lọ sí Culzean. Ní 1725, wọ́n kọ ìwé ìdásílẹ̀ fún un, ó sì fọwọ́ sí i pé òun yóò tún sìn wọ́n fún ọdún 19. Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn méjìlá lọ́dún, owó Skọ́tláńdì ìgbà náà, èyí tó jẹ́ pọ́n-ùn kan péré lówó Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ Margaret Gray, wọ́n bímọ, ó sì ní ilé tirẹ̀ lórí ilẹ̀ náà. Ó kú ní 1774, ọdún mẹ́ta ṣáájú ilé oko Adam. Ibojì rẹ̀ wà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Kirkoswald, òkúta wà lórí rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ hàn. Ilé Adam ṣì ń jẹ́ orúkọ Adam. Ti Scipio, àwọn awalẹ̀pìtàn ló ń wá ipasẹ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹgbẹ́ fi Kirkoswald kún ìrìn àjò wa. Kò jìnnà sí Culzean rárá.

Ní 1945, ìdílé Kennedy fi ààfin àti ilẹ̀ náà lé National Trust for Scotland, àjọ tó ń tọ́jú ilé àti ilẹ̀ àtijọ́, lọ́wọ́. Ní 1969, ibẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́ ìgbèríko àkọ́kọ́ ní Skọ́tláńdì, ilé oko tó ti ń bàjẹ́ sì wá níṣẹ́ titun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n tún un ṣe fún àlejò. Wọ́n fi gíláàsì sí ẹnu-ọ̀nà kẹ̀kẹ́, wọ́n kó ààtàn kúrò, wọ́n fi àga sí àgbàlá. Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa máa ń ráhùn pé irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ń sọ ilé oko di ṣọ́ọ̀bù. Èmi kò ráhùn. Ilé oko tí kò níṣẹ́, òrùlé rẹ̀ kì í pẹ́ wọlé. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń sọ ilé ìpakà di ilé gbígbé, tí wọ́n á lu fèrèsé ńláńlá sára ògiri tó jẹ́ pé ihò tóóró mẹ́ta ló ní tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà lára rẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè méjì ló jáde lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà tí mo rò pé ó yẹ kí n kọ sílẹ̀.

Arábìnrin kan bi mí bóyá àtúnṣe oko ìgbà náà ṣe àwọn àgbẹ̀ lóore. Ó ṣe àwọn kan lóore gidi. Ṣùgbọ́n ẹ wo William Burnes, bàbá akéwì Robert Burns, ní Ayrshire kan náà. Ní 1777, ọdún tí ilé oko Culzean ń dìde, ó gba oko Lochlie, 130 éékà, ṣílè ogún lórí éékà kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ilẹ̀ náà kún fún omi, kò sì pẹ́ tí òun àti onílẹ̀ fi gbé ara wọn dé ilé ẹjọ́ gíga ní Edinburgh. Ó jàre ní ìbẹ̀rẹ̀ 1784. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó kú; ẹjọ́ náà ti jẹ owó rẹ̀ tán.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ṣiṣẹ́ òrùlé bi mí ní ìdí tí síléètì, ìyẹn òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bolé, lórí àwọn ilé wọ̀nyí fi tóbi nísàlẹ̀ tó sì ń kéré bó ṣe ń lọ sókè. Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, òkúta síléètì Skọ́tláńdì kì í là ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà wọ́n ń ṣà á ní ńlá, agbedeméjì àti kékeré, wọ́n ń lo gbogbo rẹ̀, kò sí ìfiṣòfò. Ìkejì, ìsàlẹ̀ òrùlé ni omi pọ̀ sí, ó sì dára kí ìsopọ̀ má pọ̀ níbẹ̀. Ìṣó kan ṣoṣo ni wọ́n ń kàn mọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, sórí pákó, kí ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lè yí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sápá kan láìyọ ọ́. Ó tún béèrè ibi tí a ti lè rà á báyìí. Ibi ìwasíléètì Ballachulish, tó lókìkí jù, ti pa láti 1955, nítorí náà orí ilé àtijọ́ mìíràn tí wọ́n wó ni a ti ń rí i. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á kọ́kọ́ fi ìka kan gbá a: èyí tó bá dún gooro ṣì dára, èyí tó bá dún bọ̀ọ́, kó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó tà á.